Ta Ni Ẹlẹ́rìí Yín Nínú Yàrá Dókítà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí dípò kí ẹ wo fídíò, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín tí wọ́n bí sí òkè òkun ló ń fi kíkà yìí tún Yorùbá yín ṣe. Mi ò ní sáré, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òní ní ìtìjú díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ ti mọ̀ mí. Màá sọ ọ́ bó ṣe yẹ ká sọ ọ́.

Màmá kan wá sí kíníìkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà kan. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n wé gèlè wọn dáadáa bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ wọn ọkùnrin ló wà wọ́n wá, òun náà ló ń túmọ̀ èdè fún wọn. Nígbà tí dókítà rí i pé òun ní láti yẹ abẹ́ wọn wò, ó béèrè ohun tí ìlànà iṣẹ́ ní kó béèrè: ṣé wọ́n á fẹ́ chaperone? Ọmọ wọn ronú títí, kò rí Yorùbá ẹ̀. Ó wá ní, "Mummy, wọ́n ní ṣé ẹ fẹ́ kí ẹnì kan máa ṣọ́ yín."

Màmá ní, "Kí wọ́n máa ṣọ́ mi kẹ̀? Kí ni mo jí?"

Èmi rẹ́rìn-ín, ọmọ wọn rẹ́rìn-ín, dókítà ò mọ ohun tí à ń rín. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé pé ẹni tó máa dúró tì wọ́n ni, kì í ṣe ẹni tó máa ṣọ́ wọn. Nígbà tí ọmọ wọn bọ́ síta, wọ́n fà mí lọ́wọ́, wọ́n sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Mo fẹ́ o, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní mo fẹ́, ṣé dókítà ò ní rò pé èèyàn burúkú ni mo pe òun?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Nítorí pé kì í ṣe Màmá nìkan. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju Gẹ̀ẹ́sì lọ náà, mo máa ń rí yín. Dókítà á béèrè, ẹ̀yin náà á sáré dáhùn pé rárá, kò sí wàhálà. Ẹ ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ ò fẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀ ń fura.

Mo wá lọ wádìí bí ìbéèrè yẹn ṣe dé ẹnu dókítà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ìbéèrè náà kì í ṣe èébú sí dókítà, kì í sì í ṣe oore tí dókítà ń ṣe fún yín. Ẹ̀tọ́ yín ni. Àwọn obìnrin kan ló jìyà kó tó di ẹ̀tọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀. Inú èdè Faransé ni chaperone ti wá. Ìborí ni níbẹ̀rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń dé sórí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pe àgbà obìnrin tó ń tẹ̀ lé ọmọge jáde, kí aráyé má bàa sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa. Àwa náà ní irú ẹ̀. Ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè. Tí ọmọge bá fẹ́ lọ kí ẹni tó ń fẹ́, àbúrò ẹ̀ kékeré ni wọ́n máa ń ní kó tẹ̀ lé e. Gbogbo wa la sì mọ bó ṣe máa ń parí. Bọ̀dá yẹn á ra bisikíìtì fún àbúrò, á ní kó lọ jókòó síta. Àbúrò á délé, á ní òun ò rí nǹkan kan. Ẹ fi bisikíìtì yẹn sọ́kàn o, a máa padà sídìí ẹ̀.

Nínú iṣẹ́ tiwa, chaperone ni ẹni tó ń dúró nínú yàrá nígbà tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá ń yẹ kọ́lọ́fín ara aláìsàn wò: ọyàn, abẹ́, ìdí. Ìtìjú tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìṣègùn. Ó tiẹ̀ ti so èso rere rí.

Ní ọdún 1816, dókítà kan tó ń jẹ́ René Laennec ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Necker ní Paris. Láyé ìgbà yẹn, tí dókítà bá fẹ́ gbọ́ bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù, etí ẹ̀ ló máa gbé lé onítọ̀hún láyà. Ọmọbìnrin kan wá tí àìsàn ọkàn ń ṣe. Laennec wo ọjọ́ orí ẹ̀, ó wò ó pé obìnrin ni, ó rí i pé kò bójú mu kóun gbé etí lé e láyà. Ó bá ká pépà jọ bíi fèrè, ó fi ẹnu kan sí àyà ọmọbìnrin náà, ó fi ẹnu kejì sí etí ara ẹ̀. Ẹnu yà á, torí ó gbọ́ ọ yékéyéké ju bó ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni stethoscope ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1819, ó kọ ìwé lé e lórí. Nǹkan tí gbogbo ayé fi ń dá dókítà mọ̀ lónìí, ìtìjú ló bí i.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Ó fi hàn pé dókítà lè bọ̀wọ̀ fún ìtìjú aláìsàn, kí iṣẹ́ sì tún dára sí i. Ṣùgbọ́n ìtìjú ta ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún? Ẹ jẹ́ ká sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà ká lè dáhùn ìyẹn.

Ní Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, láàárín 1845 sí 1849, dókítà kan wà tó ń jẹ́ J. Marion Sims. Ó kó àwọn obìnrin dúdú tó jẹ́ ẹrú sí ilé kékeré kan tó ń lò bí ọsibítù. Ìbímọ tó le ti ṣe wọ́n léṣe: ihò lu láàárín àpò ìtọ̀ àti abẹ́ wọn, ìtọ̀ sì ń dà lára wọn tọ̀sán tòru. Àìsàn yìí ò tíì tán nílé títí di òní. VVF ni àwa nọ́ọ̀sì ń pè é. Sims fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè rán ihò náà pa. Orúkọ mẹ́ta ló kọ sílẹ̀ nínú àwọn obìnrin náà: Anarcha, Betsey àti Lucy. Ó gé wọn, ó rán wọn, kò sí oògùn tó ń mú kéèyàn sùn. Anarcha jẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́tàdínlógún. Òun nìkan, Sims ṣiṣẹ́ abẹ fún un tó ìgbà 30. Nígbà tó ṣe ti Lucy, Sims fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé dókítà bíi méjìlá ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wòran.

Ẹ ró o wò. Ojú pọ̀ nínú yàrá yẹn. Dókítà méjìlá! Síbẹ̀, Lucy ò ní ẹlẹ́rìí kankan. Ẹni tí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀ ni ẹni tó ni ẹrú. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé, "Ó tó, ẹ dúró." Nígbà tó yá, ó sú àwọn dókítà tó ń ràn án lọ́wọ́, wọn ò wá mọ́. Sims bá kọ́ àwọn obìnrin náà fúnra wọn ní iṣẹ́ náà. Betsey á di Anarcha mú, Anarcha á di Lucy mú. Lójú tèmi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, àwọn lẹni àkọ́kọ́ tó dúró ti aláìsàn nínú yàrá yẹn. Wọ́n mọ ìrora náà torí pé ó ti dun àwọn náà rí, ṣùgbọ́n wọn ò lágbára láti dá a dúró.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ère Sims wà ní Central Park ní New York. Oṣù kẹrin ọdún 2018 ni wọ́n tó gbé e kúrò. Ní 2021, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Michelle Browder gbé ère àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ró ní Montgomery. Ẹ̀yin tó wà ní apá ibẹ̀, ẹ lọ wò ó, kí ẹ mú àwọn ọmọ yín dání.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn. Ojú tó ń wòran kì í ṣe ojú ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti aláìsàn.

Láyé ìgbà yẹn náà ni oògùn tó ń mú aláìsàn sùn dé. Boston ni wọ́n ti fi ether han ayé ní 1846, James Young Simpson sì lo chloroform ní Edinburgh ní 1847. Ohun ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó mú ẹ̀rù míì wá. Obìnrin tó sùn, dókítà tó dá wà pẹ̀lú ẹ̀: ta ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ní 1854, ilé ẹjọ́ kan ní Philadelphia dá dókítà eyín kan lẹ́bi pé ó fipá bá obìnrin tó fún ní ether lò pọ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n ní àlá ni obìnrin náà lá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún ara wọn pé kí dókítà má ṣe dá wà pẹ̀lú obìnrin tó ti sùn mọ́, kí ẹlòmíì máa wà níbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ìdí ẹ̀ o. Kì í ṣe kí ọkàn obìnrin lè balẹ̀. Kí obìnrin má bàa purọ́ mọ́ dókítà ni.

Èrò yẹn pẹ́ gan-an nínú iṣẹ́ wa. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo ṣì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan: chaperone, ti dókítà ni.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì ni wọ́n sábà máa ń pè láti wá dúró. Àwọn èèyàn wa sì wà nínú iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí NHS bẹ̀rẹ̀ ní July 1948, Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, ti wà ní St Thomas' ní London, ó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló kà á sí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHS. Ó padà sílé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Láti ìgbà tiwọn títí di tèmi, ọmọ Yorùbá ò wọ́n lẹ́yìn kọ́tìnì ọsibítù.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n pè mí sí yàrá kan, wọ́n ní kí n wá ṣe chaperone, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ohun tí chaperone ń ṣe. Aláìsàn náà tó ìyá mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé, ọ̀wọ̀ ni kí n má wo ìhòòhò àgbà. Mo bá kọjú sí ògiri. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn nípa bí a ṣe ń fọ ọwọ́, mo kà á láti òkè délẹ̀, mo tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà ṣe tán, ó kọ orúkọ mi sínú fáìlì pé mo wà níbẹ̀. Mo gbà pé dókítà yẹn ò ṣe ohun burúkú kankan. Ṣùgbọ́n gbígbà ni mo gbà, mi ò rí i. Orúkọ mi wà nínú fáìlì títí di òní pé mo jẹ́rìí sí ohun tí ojú mi ò kò.

Èmi ni àbúrò tó jẹ bisikíìtì yẹn. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ra bisikíìtì fún mi.

Ìdí nìyẹn tí ìtàn tó kàn yìí fi dùn mí wọra. Folkestone ni, ní agbègbè Kent. Clifford Ayling jẹ́ GP níbẹ̀, ó sì tún ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àwọn aboyún ní àwọn ọsibítù agbègbè náà. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ẹ̀sùn 12 pé ó fọwọ́ kan àwọn obìnrin tó ń tọ́jú lọ́nà àìtọ́. Obìnrin 10 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 4. Ìjọba ní kí wọ́n tọ ìdí ọ̀rọ̀ náà, Anna Pauffley ló darí ìwádìí, àbọ̀ ẹ̀ sì jáde ní September 2004.

Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti ń kọ àwọn èèyàn lóminú: àwọn aláìsàn, àwọn agbẹ̀bí, àwọn nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ á dé etí ẹnì kan, á kú síbẹ̀. Ọsibítù yìí ò mọ ohun tí wọ́n sọ ní ọsibítù yẹn. Obìnrin tó ṣàròyé á rò pé òun nìkan ni.

Àbọ̀ ìwádìí yẹn wá sọ ohun tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ó ní aláìsàn ló máa sọ bóyá òun fẹ́ chaperone, kí wọ́n sì fún un láyè láti sọ ọ́ gbangba. Ó ní ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà ló yẹ kó ṣe é, kì í ṣe ẹni tó ń gba fóònù ní tábìlì iwájú tí wọ́n kàn sáré pè wọlé. Ó tún ní kí wọ́n má ṣe retí kí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ aláìsàn ṣe é.

Nígbà tó di 2013, GMC, ìyẹn àjọ tó ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ ní Britain, ṣe ìlànà tó ṣe kedere. Kí dókítà fi chaperone lọ aláìsàn níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ì báà jẹ́ obìnrin ló ń yẹ obìnrin wò. Chaperone náà gbọ́dọ̀ mọ bí àyẹ̀wò náà ṣe yẹ kó lọ. Kó dúró títí wọ́n á fi parí, kó sì wà níbi tó ti lè rí ohun tí dókítà ń ṣe. Kó fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀. Tí ohun kan ò bá tọ́, kó ṣe tán láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ka ìlànà yẹn, mo rántí ògiri mi.

Àwọn kan nínú yín á ní, "Ìyá mi ló máa tẹ̀ lé mi wọlé, ta ló tún máa ṣọ́ mi ju ìyá mi lọ?" Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Larry Nassar dáhùn. Dókítà àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe gymnastics ní Amẹ́ríkà ni, ó sì tún wà ní Michigan State University. Ní January 2018, àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tó lé ní 150 sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́ nípa ohun tó ṣe sí wọn, adájọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 40 sí 175. Ẹ gbọ́ o: ìyá àwọn kan wà nínú yàrá. Rachael Denhollander, tó kọ́kọ́ jáde sọ̀rọ̀ fún ìwé ìròyìn ní 2016, ìyá ẹ̀ wà níbẹ̀. Nassar á fi ara ẹ̀ bo ojú ìyá, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò sí nǹkan. Ìyá fẹ́ràn ọmọ ẹ̀. Ìyá ò jẹ bisikíìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá ò mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ dókítà wà, ibi tó jókòó sí ò sì jẹ́ kó rí i.

Ẹ̀kọ́ kejì nìyẹn. Ìfẹ́ nìkan ò tó. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wò, kó sì wà níbi tó ti lè rí i. Ìyẹn ò ní kí ìyá yín má wọlé o. Ìlànà GMC gan-an ní kí wọ́n gba ẹbí yín láàyè tí ẹ bá fẹ́ ẹ. Ẹ ní ìyá yín, ẹ sì tún ní chaperone. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ kálukú.

Ó ku ẹ̀kọ́ kẹta, òun ló sì le jù fún èmi nọ́ọ̀sì. Ní University of Southern California, ní Los Angeles, dókítà obìnrin kan ṣoṣo tí... ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: dókítà ọkùnrin kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọbìnrin yunifásítì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 30 ọdún. George Tyndall ni orúkọ ẹ̀. Wọ́n ní chaperone níbẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n wà nínú yàrá, ojú wọn sì ń ríran. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn chaperone ti ń lọ bá àwọn ọ̀gá pé ohun tí dókítà yìí ń ṣe ò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ wọn ò so èso. Ní 2016, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ alábòójútó wọn gba ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ẹ̀ kọjá, ó lọ sí ọ́fíìsì tó ń ran àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lọ́wọ́ nínú yunifásítì náà. Ìgbà yẹn ni nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀. Ní 2018, ìwé ìròyìn gbé e jáde. Nígbà tó fi máa di 2021, owó tí yunifásítì gbà láti san fún àwọn obìnrin náà ti lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Tyndall ní òun ò jẹ̀bi, ó sì kú ní 2023 kí ẹjọ́ ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nílé ẹjọ́.

Ẹlẹ́rìí tó rí, tó mọ̀, tó sọ, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, kí ló yàtọ̀ sí kò sí ẹlẹ́rìí? Ẹ̀kọ́ kẹta nìyẹn: ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa balẹ̀ sí. Ní January 2020, ACOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú aboyún àti àìsàn obìnrin ní Amẹ́ríkà, gbà á nímọ̀ràn pé kí chaperone máa wà níbi gbogbo àyẹ̀wò ọyàn, abẹ́ àti ìdí, ì báà jẹ́ dókítà ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ò lè sọ̀rọ̀. Èèyàn ló máa sọ̀rọ̀.

Ó yá, kí lẹ máa ṣe?

Tí dókítà bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ chaperone, ẹ má sáré dáhùn. Ẹ mí kanlẹ̀ ná. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ ní ẹ fẹ́. Dókítà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ kò ní bínú, torí ìbéèrè yẹn wà lára iṣẹ́ ẹ̀, ó sì tún ń dáàbò bo òun náà. Tí ẹ ò bá fẹ́, ìyẹn náà ẹ̀tọ́ yín ni, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì. Tí wọn ò bá bi yín, ẹ̀yin ẹ béèrè. Tí wọ́n bá ní kò sí ẹni tó ráyè, tí àìsàn náà kì í sì í ṣe pàjáwìrì, ẹ lè ní kí wọ́n sún un sí ọjọ́ míì. Ẹ béèrè orúkọ chaperone. Ẹ ní kí dókítà ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe kó tó fọwọ́ kàn yín. Nígbàkigbà tí ẹ bá ní kó dúró, ó gbọ́dọ̀ dúró.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ronú pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni mò ń sọ. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ìdí yín wò nítorí prostate, ìbéèrè kan náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń túmọ̀ èdè fún àwọn òbí yín, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá wo ló máa sọ ohun tó ń ṣe abẹ́ ẹ̀ lójú ọmọ ẹ̀ ọkùnrin? Nínú NHS, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa túmọ̀ ìbéèrè náà, ẹ má sọ pé wọ́n fẹ́ ṣọ́ wọn. Ẹ sọ pé, "Mummy, ṣé ẹ fẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan dúró tì yín?" Ẹ ó rí i pé ìdáhùn wọn máa yàtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìtìjú sá fún àyẹ̀wò. Ní England, wọ́n ń pe obìnrin láti ọmọ ọdún 25 dé 64 fún àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ, kí wọ́n lè tètè rí àmì jẹjẹrẹ. Àyẹ̀wò yẹn ń gba ẹ̀mí là. Mo fẹ́ kí ẹ lọ. Mo kàn fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ níbẹ̀ ni.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin healthcare assistant bíi tèmi, a mọ ara wa. Wọ́n kọ́ wa nílé pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Òwe àgbà ni, ó sì ní ibi tó ti wúlò. Kò wúlò lẹ́yìn kọ́tìnì. Ibẹ̀, òwe kejì ló yẹ ká mú dání: ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà á sì bá wa dákẹ́.

Màmá wa ńkọ́? Wọ́n ní àwọn fẹ́ chaperone. Mo sọ fún dókítà, dókítà ní kò burú rárá. Mo dúró síbi orí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí mo ti lè rí ojú wọn, tí mo sì ti lè rí ọwọ́ dókítà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú títí a fi ṣe tán. Bí mo ṣe ń bá wọn tún gèlè wọn wé, wọ́n ní, "O ò ṣọ́ mi rárá. O kàn dúró tì mí ni."

Mo ní, "Ẹ̀ẹ́n, Mà. Ohun tí wọ́n ń bi yín láti àárọ̀ nìyẹn."

Ó dàbọ̀ o. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá yín kí wọ́n tó lọ rí dókítà.